Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ọmọ tó ń lọ síléèwé: kí la lè ṣe kí ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn yé pa wọ́n ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú?

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Màkún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò mi ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, iṣẹ́ wíńdò alumíní ló ń kọ́ lápá Sábó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ṣàgámù mọ bó ṣe máa ń rí. Ìlú á tòrò fún ìgbà díẹ̀, a ó ti máa gbàgbé, àfi tí wọ́n bá pa ẹnìkan lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n á ní ẹgbẹ́ kejì ló pa á, àwọn tirẹ̀ á gbẹ̀san, àwọn tọ̀hún náà á tún gbẹ̀san padà. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ wọn ló ń lọ sí i. Ọmọ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ gẹ́rígẹ́rí ní ojúlé tó kọjú sí tiwa ni wọ́n yìnbọn pa lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọn ò bá ẹ̀gbọ́n nílé.

Ohun tó wá ń já mi láyà ni pé àwọn ọmọkùnrin kan tó ju tèmi lọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "àbúrò wa". Wọ́n ra mínírà fún un, wọ́n ra dátà sórí fóònù rẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní ẹ̀gbọ́n àdúgbò lásán ni wọ́n. Àdúrà ò dá lẹ́nu mi, mo ń gbà á. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ èèyàn lè ṣe sí i. Àwọn kan ní kí n gbé e lọ sí Èkó, bẹ́ẹ̀ kò ju ọdún kan lọ mọ́ tó máa gba frídọ́ọ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, kó bá mi sọ̀rọ̀.

Tíṣà Ìperu

Ìyá wa, ẹ kú àfojúsọ́nà ọmọ. Ẹ má tíì gbé e lọ sí Èkó. Ọmọ tí ò mọ ẹnì kankan níbi tó dé ni wọ́n ń wá kiri, nítorí òun gan-an ló máa ń wá ẹni tí yóò gbè é lẹ́yìn.

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo fẹ́ ká mọ ohun tí à ń bá jà. Ní 1952, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni wọ́n ti dá èyí àkọ́kọ́ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ìbọn nígbà náà. Nígbà tó yá, wọ́n pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ẹgbẹ́ ń bí ẹgbẹ́, ìjà ọlá wọ àárín wọn, àwọn olóṣèlú náà wá rí èèyàn tí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwa tá a ti dàgbà ò lè gbàgbé Ifẹ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù keje 1999, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lóru tí wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, tó fi mọ́ George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kò sóhun tí ọmọ yẹn ṣe ju pé ó dìde sí wọn. Láti ìgbà wọ̀nyẹn ni nǹkan ọ̀hún ti jáde kúrò ní ọgbà yunifásítì, ó dé gáréèjì, ó dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù.

Wọn kì í fi ìbọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé. Ẹ̀bùn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Mínírà lónìí, dátà lọ́la, bàtà lọ́túnla. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan á gbá ọmọ náà létí lójú ọ̀nà, "ẹ̀gbọ́n" á sì yọ sí i lójijì, á gbà á sílẹ̀. Nígbà mìíràn àwọn kan náà ló rán ẹni tó gbá a létí yẹn. Ọmọ á rò pé òun ti rí aláàbò. Ọjọ́ tó bá fẹ́ sọ pé òun ò ṣe ni wọ́n máa sọ fún un pé ó ti jẹ gbèsè.

Nítorí náà, ẹ má bi í pé "ṣé o ti wọ ẹgbẹ́?" Ẹ̀rù á bà á, á parọ́. Ẹ bi í pé: ta ló fún ọ ní nǹkan lọ́sẹ̀ yìí? Ta ló halẹ̀ mọ́ ọ? Ta lò ń yà fún lójú ọ̀nà? Ìbéèrè kẹta yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ọmọ tó bá ń gba ọ̀nà jíjìn lọ sí ibi iṣẹ́ tó wà nítòsí ní ẹni tó ń sá fún. Ẹ má nà án o. Ọmọ tí wọ́n nà nílé nítorí pé ó sọ òótọ́ kò ní sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀gá Alumíní, Ìkẹ́nnẹ́

Iṣẹ́ yìí náà ni mò ń ṣe, màmá, mo sì ti tọ́ ọmọṣẹ́ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ewu ti ń wọlé lọ́dọ̀ àwa ọ̀gá.

Èkíní ni àsìkò tí à ń ṣíwọ́. Ọ̀gá á mú iṣẹ́ oníbàárà tó ń kánjú, wọ́n á ṣe é dòru, á wá ní kí ọmọ máa lọ sílé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lóun nìkan. Aago mẹ́sàn-án ní ìgboro Ṣàgámù nígbà tí ìlú ò bá fara rọ! Ọ̀gá tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ alẹ́, kó jẹ́ kí ọmọ sun ṣọ́ọ̀bù tàbí kó gbé e délé. Èkejì ni ìránṣẹ́. Ọmọ tá a rán lọ ra ìṣó ní àdúgbò tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá ojú àjèjì kiri, ikú la rán an lọ pàdé. Ẹ̀kẹta, tí kò dùn mọ́ àwọn kan nínú, ni àríyá frídọ́ọ̀mù. Mo sọ ọ́ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wa, wọ́n bínú sí mi. Àríyá tó bá ti di alẹ́, tí díjéè ti dé, tí ọtí ń ṣàn, tí ẹnikẹ́ni lè wọlé láìpè é, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọmọ tuntun, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń wá ọ̀tá wọn. Kánífà àdúgbò tí wọ́n ń ṣe nígbà ọdún burú ju ìyẹn lọ. Lọ́dọ̀ mi báyìí, ọ̀sán gangan ni frídọ́ọ̀mù, aago mẹ́rin a ti ká kánópì.

Ẹ lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ẹ ní kó fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀. Ẹ mọ ọmọṣẹ́ mìíràn tó ń gba ọ̀nà ilé yín, kí wọ́n jọ máa rìn. Bí ọmọ bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀gá pè yín. Ìpè kan péré ni, owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ọmọ Ọ̀fin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, gbogbo eléyìí dùn létí, ṣùgbọ́n a mọ àwọn ọmọ yìí. A mọ ilé wọn. Kí àwa ọ̀dọ́ kó ara wa jọ, ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ká dáná sun wọ́n. Ìlú á tòrò.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò mi, mo gbọ́ ìbínú rẹ, mo sì mọ̀ pé o ti sin ẹnìkan. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: ta ló máa tọ́ka? Èrò tó bá ti gbé táyà àti bẹntiróòlù dání kì í wádìí. Ọmọ tó ní irun dàda, ọmọ tó fi táàtù sára, ọmọ tí ẹnìkan jẹ lówó tí kò fẹ́ san án, gbogbo wọn ni ìka lè nà sí. Ọmọ tí ìyá wa ń torí ẹ̀ kọ̀wé yìí ti jókòó ti àwọn wọ̀nyẹn, ó ti mu mínírà wọn. Lójú èrò, ó ti tó. Ṣé ẹ máa sun òun náà?

Ti àwọn agbófinró náà, ká sọ òótọ́. Gbogbo Rẹ́mọ rántí oṣù kejì 2020, nígbà tí Tiyamiyu Kazeem, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ lójú pópó lẹ́yìn tí àwọn SARS mú un ní Ṣàgámù. Ìlú dìde, wọ́n ṣe ìwọ́de, wọ́n tún pàdánù ẹ̀mí sí i. Ọmọ tó ń jẹun nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀, ni. Bí wọ́n bá lè fura sí irú rẹ̀, mélòó mélòó ni ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀?

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin wí, kẹ́ ẹ lè rí i lò. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní òfin tó ka ẹgbẹ́ òkùnkùn léèwọ̀, tó wà pọ̀ mọ́ ti ìjínigbé àti ti àwọn ajagungbalẹ̀, ìjìyà inú rẹ̀ sì le. Ẹni tó bá mọ nǹkan, kó lọ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, fún Àmọ̀tẹ́kùn tàbí fún So-Safe, ẹ̀ṣọ́ ààbò Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á rí yín ní àgọ́, ẹ gbà á ọ̀dọ̀ lọ́yà tàbí olórítún, ìyẹn olórí àdúgbò. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Bí wọ́n bá sì mú ọmọ yín, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Wọn ò lè ti ìyá mọ́lé nítorí pé wọn ò rí ọmọ, wọn ò sì lè mú àbúrò dípò ẹ̀gbọ́n. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé kí wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ẹni tí kò bá lówó lọ́yà, kó lọ sí Legal Aid Council, iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í ṣe: ẹ tọ́jú ìwé. Ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ sí lọ́dọ̀ ọ̀gá, káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò ọmọ lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó ọmọ mọ́ àwọn ẹlòmíràn, ọ̀gá tó bá dé àgọ́ pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́ máa ń yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọmọ Ọ̀fin

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n pa, kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀ka mi kún un, nítorí mo ti rí ọmọ tí kò yẹ kó kú tó kú.

Bí ìbọn tàbí àdá bá ba ọmọ, ẹ wá aṣọ mímọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, ẹ má sì gbé ọwọ́ kúrò láti máa yọjú wò ó. Bí aṣọ bá rin, ẹ gbé òmíràn lé e lórí, ẹ má yọ ti àkọ́kọ́. Bí ọ̀bẹ bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má fà á yọ. Kẹrosíìnì kọ́, ewé kọ́, ilẹ̀pa kọ́. Ẹ má fún un lómi tàbí oúnjẹ, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ má gbé e jókòó sórí ọ̀kadà bí ọkọ̀ bá wà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Láti ìparí 2017 ni òfin ti wà ní gbogbo Nàìjíríà pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gba ẹni tí ìbọn bà, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, ì báà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló ní láti fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Ẹ dárúkọ òfin náà fún wọn ní gbangba: òfin ìtọ́jú dandan fún ẹni tí ìbọn bà. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n bu ọ̀wọ̀ fún ẹni tó gbé aláìsàn wá, kí wọ́n má fi ìbéèrè tí kò yẹ dójú tì í. Ọlọ́kadà àti onímárúwá, ẹ gbọ́ o. Ìbẹ̀rù pé wọ́n á ti yín mọ́lé ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa kọjá. Ẹ má kọjá.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ, n kò tíì rí ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì ni ẹ̀san ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ á kún ẹnu ọ̀nà ẹmágẹ́ńsì, ojú wọn á pọ́n, ẹnìkan á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á jáde lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó tún gba ẹlòmíràn wọlé, ẹni ọ̀hún sì lè jẹ́ ọmọ tó ń ti ẹ̀kọ́ alẹ́ bọ̀. Bí mo bá ní agbára, n óò fi àgbà kan síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá kan tí àwọn ọmọ yẹn ń bọ̀wọ̀ fún, tí kò ní kúrò lọ́dọ̀ wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ní Glasgow

Nọ́ọ̀sì wa, ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe níbí. Láti 2015 ni wọ́n ti ń fi àwọn èèyàn kan sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá Royal Infirmary ní ìlú Glasgow yìí, ní Scotland. Wọn kì í ṣe dókítà, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó ti ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ, kí wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ ṣe lọ́la.

Ìlú yìí burú nígbà kan. Ìròyìn ń pè é ní ìlú tí wọ́n ti ń pànìyàn jù ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, àwọn ọmọkùnrin sì ń gún ara wọn nítorí ààlà àdúgbò. Ní 2005 ni ọlọ́pàá agbègbè náà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kó máa mú èèyàn nìkan. Wọ́n ní bí àrùn tó ń ràn ni ìwà ipá rí, ẹni tí wọ́n bá gún ló ń gún ẹlòmíràn. Ní 2008 wọ́n pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn jọ sínú ilé ẹjọ́, ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ láti Boston ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe é ní àwọn ọdún 1990. Ọlọ́pàá sọ fún wọn pé ẹni tó bá tún dá wàhálà sílẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ la ó dojú kọ. Dókítà sọ ohun tó ń rí lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ dìde, ó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà kan: ẹni tó bá fẹ́ jáde, kó pè, a ó wá iṣẹ́ fún un, a ó wá ilé ẹ̀kọ́. Ìyà wà lápá kan, ọ̀nà àbáyọ wà lápá kejì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi méjèèjì hàn wọ́n. Àwọn tó pè sí nọ́ńbà yẹn ò kéré.

Mo mọ̀ pé Glasgow kì í ṣe Ṣàgámù. Kò sí ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí kò níṣẹ́ ní Ṣàgámù, ìbọn ni wọ́n sì ń lò nílé, kì í ṣe ọ̀bẹ nìkan. Ṣùgbọ́n a ní ohun tí wọn ò ní níbí. A ní àgbà tí ọmọ ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Àgbà Pòrógun

Ọmọ mi tó wà ní Glasgow, o ṣeun. Ẹnu rẹ ni wọ́n ti gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ àwa náà ní irú rẹ̀, a ò kàn lò ó fún iṣẹ́ yìí ni.

Ní Ìjẹ̀bú, kò sí ọmọ tí kò ní itún. Itún kọ̀ọ̀kan ló ní olórítún, olórítún sì mọ ilé tí ọmọ ti jáde wá. Kò tún sí ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ bí sí àsìkò kan náà. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yìí, tí à ń pè ní Régbérégbé, máa ń wọ aṣọ àrà lọ sí Ojúde Ọba, gbogbo ayé ń ya fọ́tò wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà ń lọ. Ṣùgbọ́n Régbérégbé kì í ṣe ti aṣọ nìkan. Láyé àwọn bàbá wa, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pè sí iṣẹ́ ìlú àti ogun. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún ò lè gba àwọn ọmọkùnrin itún wọn, ká pín wọn, kí àgbà kan mọ ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin: orúkọ, ibi iṣẹ́, àsìkò tó ń délé, ẹni tó ń bá rìn? Ọmọ tó bá ti ní ẹni tí yóò sọ pé "èmi ni mo mọ̀ ọ́n" ní ilé, ní ṣọ́ọ̀bù àti ní itún, wọn ò ní tètè rí i tàn, ẹ̀rù á sì ba ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin ará Ṣàgámù, ìlú yín gan-an, àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá ló kóra jọ ní 1872 kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn. Ìdí tí Ṣàgámù fi wà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa ọmọ kan, kí àgbà lọ bá ilé méjèèjì kí wọ́n tó sin ín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé òkú yí ìlú ká pẹ̀lú ìbọn àti ọ̀kadà. Ìsìnkú bẹ́ẹ̀ ló máa ń bí òkú mìíràn. Kí ìsìnkú jẹ́ ti òwúrọ̀, kí àwọn ẹbí àti alùfáà wà níwájú. Mo ti bá wọn ṣe é, wọ́n kọ́kọ́ yarí, wọ́n wá gbà.

Ìyá Kan

Mi ò fẹ́ dárúkọ. Wọ́n pa ọmọ mi. Orí ẹní ni mo wà tí ìbéèrè àkọ́kọ́ ti dé: "Ṣé kò sí nínú wọn?" Ẹni tó bi mí kì í ṣe ọlọ́pàá. Aládùúgbò ni, ẹni tí ọmọ mi máa ń bá gbé omi wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń bèèrè. Bó bá wà nínú wọn, ọkàn yín á balẹ̀, ẹ ó ní kò lè kan ọmọ tiyín. Ẹ wò ó, ìbéèrè yẹn ló lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Wọn ò lè wá kí mi, kí wọ́n má baà sọ pé àwọn náà wà nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó rí i nígbà tí wọ́n yìnbọn fún un ò lè jẹ́rìí. Àgọ́ tí a lọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, wọ́n sì pa ìwé dé. Ọmọ mi ò ní ẹgbẹ́ kankan. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́, ó ti ń dá ṣòkòtò rán.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe fún irú mi: ẹ wá sílé. Ẹ dárúkọ ọmọ náà. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ níta gbangba. Kí ọ̀gá rẹ̀ sọ, kí tíṣà rẹ̀ sọ, kí ìmáàmù tàbí pásítọ̀ rẹ̀ sọ. Ọ̀gá ọmọ mi sọ ọ́ nínú mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ yẹn ni mo tó lè jẹun.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìnira, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Mo ń kà á láti òkè wá ni, mo fẹ́ sọ ti àwa tó wà ní OOU, Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ, bó ṣe jọ ti àwọn tó wà ní yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun náà. Ìta ọgbà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé, inú ìlú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kó má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ sí àríyá ìkíni káàbọ̀ tí kò mọ ẹni tó ṣe é, pàápàá èyí tí wọ́n bá ní inú igbó tàbí ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí ló wà. Má ya fọ́tò pẹ̀lú àmì ọwọ́ tí o ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó ti kó bá èèyàn. Ọjọ́ keje oṣù keje, tí gbogbo wa mọ̀ sí sẹ́fùn-sẹ́fùn, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ òkùnkùn máa ń ṣe àjọyọ̀, tètè wọlé. Yan ilé tí lándílọ́ọ̀dù ń gbé inú rẹ̀, kódà bó bá fi díẹ̀ wọ́n ju èkejì lọ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Màkún

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ìyá Kan, mo ka tiyín, mo sunkún. Mo máa kí yín lábẹ́lẹ̀ bẹ́ ẹ bá gbà.

Mo ti lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó gbà láti máa pè mí, àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́ta á sì jọ máa rìn bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo fi ìbéèrè Tíṣà bi ọmọ náà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo sì dákẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé wọ́n tún fún òun ní owó, òun ò sì tíì ná an tán. Ó ń bẹ̀rù. Ṣé kó dá a padà ni? Àbí ìyẹn gan-an ni yóò bí wọn nínú?

Tíṣà Ìperu

Ó káre, ó sì dára bẹ́ ẹ ṣe dákẹ́ gbọ́ ọ. Kó má dá a padà fúnra rẹ̀, kó má sì lọ sọ fún wọn pé òun ò ṣe mọ́. Ẹ̀yin àti àgbà ọkùnrin kan tí wọ́n mọ̀ ládùúgbò ni kẹ́ ẹ jọ gbé owó náà lọ fún ìyá tàbí bàbá ẹni tó fún un, lọ́sàn-án, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọmọ yín ṣe ọmọ wa lóore, a dúpẹ́, a ò fẹ́ kó jẹ gbèsè." Ẹ má dárúkọ ẹgbẹ́, ẹ má fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé ọmọ yìí ní àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú wọn sì là sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n á yí lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní olùgbèjà, ìyẹn ló fi yẹ ká tún wá ẹni yẹn. Bí wọ́n bá halẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé, ọ̀dọ̀ Lọ́yà ló kàn. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé e kúrò nílùú díẹ̀, sọ́dọ̀ ẹbí tó máa mójú tó o, kí ọ̀gá sì dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró dè é.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú-Òde

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gba owó náà padà àti ọjọ́ tó gbà á, ẹ jẹ́ kí àgbà tẹ́ ẹ mú lọ fọwọ́ sí i. Bí fóònù bá ní ohùn ìhalẹ̀ tàbí àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ má pa á rẹ́. Ìyá Kan, bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí á tún ẹjọ́ ọmọ yín gbé, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ máa wúlò, ẹ ní kó kọ ọ́ nígbà tó ṣì rántí gbogbo rẹ̀. Mi ò ní gba owó.

Ọmọ Ọ̀fin

Ìyá Oníbúrẹ́dì, mo mọ àdúgbò yín. Màkún sí Ọ̀fin kò jìnnà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin la máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, a ti gbà láti máa dúró ní ọ̀nà Sábó nígbà tí àwọn ọmọṣẹ́ bá ń ṣíwọ́, ká jọ máa rìn. A ò ní mú nǹkan kan dání. A ti sọ fún olórítún wa, ó ní ká kọ orúkọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí òun fi tó ọlọ́pàá létí, kí wọ́n má baà ṣì wá mú. Ó tún ní kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan fi orúkọ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀gá Alumíní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ yín, torí wọ́n á gbọ́ tiyín ju tiwa lọ.

Ọ̀gá Alumíní, Ìkẹ́nnẹ́

Mo ti gbọ́, àbúrò. Ìpàdé wa ń bọ̀. Mo máa pe alága ti Ṣàgámù lálẹ́ yìí, kí wọ́n fi í sí àwọn ohun tí a ó kọ́kọ́ jíròrò, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́.